Ẹjọ́ Ooru àti Òjò: Kí A Gbọ́ Ẹ̀rí Kí A Tó Dá Ẹ̀bi

Ní ọdọọdún, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń lọ sí òpin, tí òjò àkọ́rọ̀ sì ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, àgbẹ̀ a gbé ọkọ́ lé èjìká, a sì mú irúgbìn rẹ̀ lọ sí oko. Bí òjò náà bá ń bá a lọ, ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn òjò a dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Àgbàdo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù a rọ, a sì gbẹ. Irúgbìn a ṣòfò, owó alágbàṣe náà a sì ṣòfò pẹ̀lú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn ènìyàn bá péjọ lábẹ́ igi ọdán, ẹjọ́ a bẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan a ní oòrùn ni ó ti sún mọ́ ayé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òmíràn a ní ìwà àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ni. Ẹ̀kẹta a ní àwọn tí ń la pákó nínú igbó ni kí a mú. Ẹ̀kẹrin, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú ńlá dé, a ní àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó jẹ̀bi, nítorí pé òun ni ó ń fi iná sun igbó. Kò sí ẹni tí ó béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnìkejì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ tí a dá láìgbọ́ ẹ̀rí kì í tọ́, ìbá à ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, ìbá à ṣe ẹjọ́ òjò. Ó yẹ kí a pe àwọn tí a fi ẹ̀sùn kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù sì jẹ́jọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan.

Oòrùn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dìde, nítorí pé òun ni orísun ooru ayé. Ó jìnnà sí ayé tó bí 150 mílíọ̀nù kìlómítà. Ọ̀nà tí ayé ń gbà yí i ká kò rí roboto pátápátá. Nítorí náà ìgbà kan wà nínú ọdún tí ayé sún mọ́ oòrùn jù, ìgbà kan sì wà tí ó jìnnà sí i jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rò pé ìgbà tí ó sún mọ́ ọn ni ooru gbọ́dọ̀ mú jù. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní ni ayé máa ń sún mọ́ oòrùn jù lọ, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn ọmọdé ń yáná ní òwúrọ̀, tí òtútù sì ń mú àwọn ará Yúróòpù dé egungun. Oṣù keje ni ó máa ń jìnnà jù, nígbà tí ooru ń mú àwọn ará Yúróòpù kan náà. Ohun tí ń yí ìgbà padà ni pé ayé kò dúró ṣánṣán bí òpó. Ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìwọ̀n dígírì 23 àti ààbọ̀. Apá tí ó bá kọjú sí oòrùn dáradára ni í gbóná. Apá tí ó bá fì kúrò ni í tutù.

Agbára oòrùn fúnra rẹ̀ a máa pọ̀ sí i, a sì máa dín, láàárín nǹkan bí ọdún 11, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò ju bí ìdá kan nínú 1,000 lọ. Láti 1978 ni àwọn ohun èlò tí a rán lọ sí òfurufú ti ń wọn ìtànṣán oòrùn lókè, níbi tí àwọsánmà kò lè dí wọn lọ́wọ́. Ní gbogbo ìgbà tí ooru ayé fi ń gòkè yìí, ìtànṣán oòrùn kò gòkè bá a. Ẹ̀rí náà tó láti jẹ́ kí oòrùn máa lọ sí ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìrìn ayé fúnra rẹ̀. Bí òkòtó ti ń mì nígbà tí ó ń jó, bẹ́ẹ̀ ni ayé ń mì díẹ̀díẹ̀, ọ̀nà tí ó ń tọ̀ yí oòrùn ká náà sì ń yí padà. Agbára ńlá wà nínú ìyípadà wọ̀nyí. Àwọn ni ó mú kí aṣálẹ̀ Sàhárà jẹ́ ilẹ̀ koríko àti adágún omi láti bí 11,000 ọdún sẹ́yìn títí di bí 5,000 ọdún sẹ́yìn. Lára àpáta Tassili n'Ajjer ní ilẹ̀ Algeria, àwòrán màlúù àti àwọn tí ń dà wọ́n, tí àwọn ará ìgbà náà yà, wà níbẹ̀ di òní, ní àárín òkúta àti iyanrìn. Ẹni tí ó bá sọ pé ojú ọjọ́ kò yí padà rí, àpáta náà ń ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹni tí ń rìn bí ìgbín kọ́ ni ó lè jí ẹran gbé sá lọ láàárín òru kan. Ohun tí ó yí padà láti ìgbà èwe bàbá dé ìgbà èwe ọmọ, kì í ṣe ọwọ́ òun ni ó wà.

Òkè tí ń yọ iná náà yóò jẹ́jọ́ tirẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1815, òkè Tambora ní ilẹ̀ Indonesia bú gbàmù, gáàsì imí ọjọ́ tí ó tú sókè sì tàn ká òfurufú, ó ṣíji bo oòrùn. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, òjò dídì rọ̀ ní oṣù kẹfà ní apá ìlà-oòrùn àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí ó yẹ kí ooru ti bẹ̀rẹ̀. Ohun ọ̀gbìn kú sí oko ní Yúróòpù, ìyàn sì mú. Ní 1991, òkè Pinatubo ní ilẹ̀ Philippines ṣe bákan náà, ooru gbogbo ayé sì dín ní bí ìdajì dígírì kan fún nǹkan bí ọdún méjì. Gbogbo èyí fi hàn pé irú òkè bẹ́ẹ̀ ń mú ayé tutù fún ìgbà díẹ̀ ni. Kò sí bí a ṣe lè fi ẹ̀sùn ooru tí ń pọ̀ láti ọdún dé ọdún kàn án.

Òkun àti afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ wọn kan àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá jù. Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń jìjàdù orí ilẹ̀ yìí. Ọ̀kan ń ti òkun wá láti ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, ó kún fún ọ̀rinrin; èkejì ni ọyẹ́, tí ń ti Sàhárà wá pẹ̀lú ìgbẹ àti eruku. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ń tẹ̀lé oòrùn lọ sí àríwá, ó sì ń bá a padà sí gúúsù. Nígbà tí afẹ́fẹ́ òkun bá borí, òjò a dé. Nígbà tí ọyẹ́ bá borí, ẹ̀ẹ̀rùn a dé. Ní nǹkan bí oṣù kẹjọ, òjò ńlá a ti kọjá lọ sí ilẹ̀ Haúsá, omi tútù láti ìsàlẹ̀ òkun a sì máa rú sókè ní etíkun Guinea. Afẹ́fẹ́ tí ó bá kọjá lórí omi tútù kì í gòkè dáradára láti di òjò. Ìdí nìyẹn tí òjò fi ń sinmi nígbà náà. Àgbẹ̀ kan ní Òkè-Ògùn lè dàgbà, kí ó darúgbó, kí ó má sì fi ojú kan òkun láéláé, síbẹ̀ òkun ni ó di kọ́kọ́rọ́ àká rẹ̀ mú.

Ẹ̀kọ́ ńlá kan wà lórí èyí, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tí ń yára dá ẹ̀bi kà á. Ní nǹkan bí 1968, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn ní Sahel, ìyẹn ni ilẹ̀ tí ó nà láti Senegal dé Chad àti Sudan ní etí aṣálẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ náà le ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó sì tún le gidigidi ní 1983 àti 1984. Ọkà kò so, màlúù kú ní agbo-agbo, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì kú nínú ìyàn. Adágún Chad, tí ó fẹ̀ tó bí 25,000 kìlómítà níbùú lóròó ní 1963, fà sẹ́yìn títí kò fi tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ mọ́ láàárín nǹkan bí 20 ọdún.

Nígbà náà ni a wá ẹni tí a óò dá lẹ́bi, àwọn darandaran àti àgbẹ̀ ibẹ̀ ni a sì mú. A ní wọ́n ti fi ẹran jẹ koríko tán, wọ́n ti gé igi tán, wọ́n sì ti lé òjò lọ. Ní 1975, amòye ará Amẹ́ríkà kan, Jule Charney, ṣàlàyé bí ó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀: ilẹ̀ tí ó wà ní ìhòòhò a máa dá ìtànṣán oòrùn padà sókè bí aṣọ funfun ti ń ṣe, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ kì í sì í gòkè dáradára láti di òjò. Òótọ́ wà nínú àlàyé náà, nítorí pé ìhòòhò ilẹ̀ a máa fi kún ọ̀gbẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìgbẹ̀yìn, nígbà tí àwọn amòye kó àkọsílẹ̀ ooru òkun jọ, tí wọ́n sì ṣírò rẹ̀, wọ́n rí i pé òkun ni ó ṣáájú. Omi òkun apá gúúsù ti gbóná, ti apá àríwá kò gbóná tó o, òjò sì tẹ̀lé ooru náà lọ sí gúúsù, ó fi Sahel sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ amòye sì gbà pé èéfín ilé iṣẹ́ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, tí ó ṣíji bo òkun Atlantic apá àríwá, wà lára ohun tí ó mú un tutù bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí ó ti rí ikú màlúù rẹ̀ ni a tún ń pè ní ẹni tí ó pa òjò. Àbùkù ni èyí jẹ́ fún àwọn tí ó dá ẹjọ́ náà, kì í ṣe fún ẹni tí a dá a fún.

Ó wá ku ẹnìkan ṣoṣo, òun náà ni afẹ́fẹ́ tí ó bo ayé mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ni ó mọ orúkọ iṣẹ́ náà. Ní ìgbà ọyẹ́, oòrùn a ràn ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n ní òru, òtútù a mú ènìyàn lórí ẹní. Ní ìgbà òjò, oòrùn lè má yọ ní ọjọ́ gbogbo, síbẹ̀ ẹni tí ó sùn a máa làágùn ní ọ̀gànjọ́. Kí ni ìdí? Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, ojú ọ̀run sì mọ́, nítorí náà ooru tí ilẹ̀ gbà ní ọ̀sán a bá ọ̀nà rẹ̀ lọ sókè tààrà. Ní ìgbà òjò, ọ̀rinrin àti àwọsánmà a dá ooru náà dúró, bí kúbùsù ti ń ṣe fún ẹni tí òtútù ń mú. Kúbùsù kò ní iná nínú. Ooru ara ẹni ni kì í jẹ́ kí ó lọ.

Ọ̀rinrin nìkan kọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Gáàsì kan wà tí a ń pè ní carbon dioxide, èyí tí ènìyàn ń mí jáde, tí igi ń fà sínú ewé rẹ̀, tí ó sì ń jáde nígbà tí a bá sun igi, èédú ilẹ̀ tàbí epo rọ̀bì. Díẹ̀ ni ó wà nínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀. Ní 1859, John Tyndall, ọmọ ilẹ̀ Ireland, fi ìdánwò hàn ní Lọ́ńdọ̀nù pé gáàsì yìí àti ọ̀rinrin a máa dá ooru dúró. Ní 1896, Svante Arrhenius ti ilẹ̀ Sweden ṣírò bí ayé yóò ti gbóná tó bí gáàsì náà bá pọ̀ sí i. Bí kúbùsù yìí kò bá sí rárá, ayé ìbá tutù títí dé nǹkan bí dígírì 18 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, omi ìbá sì dì. Nítorí pé ó wà ni ayé fi wà ní nǹkan bí dígírì 15. Ìbùkún ni kúbùsù náà. Ní ìnípọn rẹ̀ ni wàhálà wà.

Kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀, gáàsì yìí kò ju bí ìdá 280 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́ lọ. Afẹ́fẹ́ àtijọ́ tí yìnyín há mọ́ inú ní Antarctica ni ó jẹ́rìí sí i. Ní 1958, Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii, ó sì bá a ní bí 315. Ó ti kọjá 420 báyìí. Ooru ayé sì ti gòkè ju dígírì kan lọ láti àárín ọdún 1850 sí 1900. Bí ó bá jẹ́ oòrùn ni ó fà á, afẹ́fẹ́ òkè réré ìbá gbóná pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìsàlẹ̀ ti ń gbóná, òkè réré ń tutù ni, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí ó rí nígbà tí ooru há sábẹ́ kúbùsù. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi dígírì kan ṣe yẹ̀yẹ́. Ara ènìyàn tí ó yè wà ní nǹkan bí dígírì 37. Bí ó bá fi dígírì méjì péré lé e, ibà ti gbé e dálẹ̀.

Níbí ni ó yẹ kí a ti dá ẹjọ́, kí a sì dá a pẹ̀lú òdodo. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí: oòrùn, òkun, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ ni ó jùmọ̀ ń ṣe ojú ọjọ́. Kò tọ́ láti sọ pé gbogbo òjò tí ó bá dáwọ́ dúró ní oṣù kẹrin ni kúbùsù náà dá dúró. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti wà kí èédú ilẹ̀ tó jóná. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tí a pè, òun nìkan ni ó ti yí padà púpọ̀ láàárín ọjọ́ ayé ènìyàn, tí ìyípadà rẹ̀ sì bá ooru tí a ń rí mu. Ayé tí ó bá gbóná, ilẹ̀ rẹ̀ a yára gbẹ lẹ́yìn òjò, òjò rẹ̀ náà a sì máa dà wọ̀ọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ó sì wọ́ erùpẹ̀ lọ.

Ta ni ó fi kún kúbùsù náà? Àwọn ilẹ̀ tí ó ń sun èédú ilẹ̀ àti epo rọ̀bì fún ọkọ̀, fún ẹ̀rọ àti fún iná ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù. Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. China ni ó ń sun jù lọ́dọọdún nísinsìnyí. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà lápapọ̀ kò fi ìdá 5 nínú 100 kún èyí tí a ti sun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà náà kò mọ́ tán, nítorí pé láti ìgbà tí a ti ń wa epo rọ̀bì ní Niger Delta, gáàsì tí ń bá epo jáde ni a ti ń sun dànù lẹ́nu kànga. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dáná láti sun ẹ̀gún oko rẹ̀ kò lè jẹ gbèsè ẹni tí ó sun òkè èédú. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn ní òru. Nígbà tí àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà bá wà ní ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè, tí wọ́n ń béèrè pé kí àwọn tí ó jẹ kòkòrò náà dáwọ́ dúró kí wọ́n sì ran àwọn tí kò rí oorun sùn lọ́wọ́, ẹ̀tọ́ ni wọ́n ń béèrè. Kì í ṣe ọrẹ.

Síbẹ̀, dídá tí a dá àgbẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀sùn ńlá kò sọ pé kí ó padà sí oko kí ó máa ṣe bí ó ti wù ú. Gígé igbó àti sísun rẹ̀ ní gbogbo ayé ń mú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá wá lára gáàsì tí ènìyàn ń tú jáde. Pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ, àgbẹ̀ ni ọba lórí ooru ilẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti abẹ́ igi kòkó bọ́ sí ilẹ̀ ìhòòhò ní ọ̀sán gangan kò tún nílò amòye láti ṣàlàyé fún un. Ewé a máa ṣíji, gbòǹgbò a máa fa omi, omi tí ewé bá sì mí jáde a máa mú afẹ́fẹ́ tutù.

Nítorí náà, kí àgbẹ̀ dá ìrókò àti afàrà díẹ̀ sí láàárín kòkó rẹ̀. Kí ó fi koríko gbígbẹ bo orí ebè iṣu, kí ó má sì fi iná sun ohun tí ìbá di ọ̀rá ilẹ̀. Kí ó rántí pé ní ọdún 1983, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ńlá, iná igbó jó ọ̀pọ̀ oko kòkó ní ilẹ̀ Ghana, igi tí ó gba ọ̀pọ̀ ọdún láti tọ́ sì di eérú ní ọjọ́ kan. Kí ó má ṣe kó gbogbo irúgbìn rẹ̀ sínú òjò àkọ́kọ́. Kí ó wa ilẹ̀ wò. Bí òkè bá tutù tí ìsàlẹ̀ sì gbẹ, kí ó dúró, tàbí kí ó gbin apá kan kí ó sì fi apá kejì pamọ́.

Ohun kan ṣì kù tí kò náni ní owó púpọ̀. Kí a gbé agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ ṣe déédéé sí gbangba, níbi tí igi tàbí òrùlé kò ti dí i; kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fi rúlà wọn omi inú rẹ̀ ní òwúrọ̀ lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, kí ó dà á nù, kí ó sì kọ iye náà sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ náà nínú kàlẹ́ńdà. Ọdún kan kò ní sọ nǹkan púpọ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí ó bá ní àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá, nígbà tí ẹjọ́ òjò bá tún bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi ọdán, yóò ní ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́ tí kì í sì í gbàgbé. Ìgbà náà ni a óò mọ ohun tí a óò bá ìjọba sọ, ohun tí a óò bá ará ìlú ẹni sọ, àti ọjọ́ tí ó yẹ kí a gbé irúgbìn lọ sí oko.